Yíya Ilé Ní Ìlànà Gaudí: Ẹ Ya Egungun Kí Ẹ Tó Ya Awọ

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí iṣẹ́ Antoni Gaudí, ayàwòrán-ilé ọmọ Catalonia tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilé tó yà wà ní Barcelona ní orílẹ̀-èdè Spéìn, lè rò pé ọwọ́ ọkùnrin náà kàn ń ṣeré lórí bébà ni. Òpó ń pẹ̀ka bí igi, òrùlé ń ru bí omi, ògiri sì ń wú síta bí ẹni mí èémí símú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ya ilé ní ìlànà rẹ̀ fi máa ń mú pẹ́ńsù, tí wọ́n á sì máa fa ìlà wíwọ́ kiri títí bébà yóò fi kún fún ohun tó jọ àbẹ́là tó yọ́. Kì í ṣe pé ọwọ́ wọn kò dára. Awọ ilé náà ni wọ́n ń yà, wọn kò sì mọ̀ pé egungun wà lábẹ́ rẹ̀, àti pé rúlà, kọ́ńpáàsì àti ẹ̀wọ̀n lásán ni a lè fi ya egungun náà.

Ọdún 1852 ni a bí Gaudí, ọmọ alágbẹ̀dẹ bàbà sì ni. Mo ka èyí sí ohun tó ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tó bá ti kékeré rí bí bàbà pẹlẹbẹ ṣe ń di ìkòkò lábẹ́ òòlù kò ní rí ilé gẹ́gẹ́ bí àwòrán pẹlẹbẹ mọ́. Ó gba ìwé ẹ̀rí ayàwòrán-ilé ní 1878, ó gba àkóso ṣọ́ọ̀ṣì Sagrada Família ní 1883, ọdún kan lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ náà ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọkọ̀ ojú irin ìgboro fi kọlù ú ní oṣù kẹfà ọdún 1926, tó sì gba ibẹ̀ kú. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ṣàwárí ìwọ̀nba òfin díẹ̀ tó ń bí ìrísí púpọ̀. Àwọn òfin wọ̀nyẹn ni a ó máa yà nínú ìtọ́sọ́nà yìí, lẹ́yìn náà ni a ó fi wọ́n ya ilé tó jẹ́ tiwa.

Ohun èlò

Ẹ wá bébà A3 bíi mẹ́wàá, pẹ́ńsù líle kan (2H) fún ìlà ìpìlẹ̀ àti ọ̀kan tó rọ̀ (2B) fún òjìji, rúlà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kọ́ńpáàsì, ohun tí a fi ń wọn igun, àti rọ́bà ìparẹ́. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ẹ wá ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí tí a fi ń ṣe ẹ̀gbà ọrùn, tó gùn díẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, pátákó pẹlẹbẹ, ìṣó kékeré méjì, òwú tó nípọn díẹ̀, nọ́ọ̀tì irin mẹ́rin tó dọ́gba, bébà fẹ́lẹ́ tí a lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, àti fóònù tó lè ya fọ́tò. Ẹ má ṣe fi okùn rọ́pò ẹ̀wọ̀n ní ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, nítorí okùn fúyẹ́ jù, ó sì máa ń rántí bí a ṣe ká a tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ̀wọ̀n ni kó ya ọrun fún yín

Ibi tí ilé bá ti tẹ̀ láti ẹsẹ̀ kan dé ẹsẹ̀ kejì, bíi orí ẹnu ọ̀nà tàbí abẹ́ afárá, ni mo ń pè ní ọrun níhìn-ín, nítorí ó jọ ọrun tí a fi ń ta ọfà. Ní 1675 ni Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti rí i pé bí okùn rírọ̀ bá ṣe fì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọrun líle yóò ṣe dúró bí a bá dojú rẹ̀ dé. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ̀wọ̀n tó ń fì kò mọ nǹkan mìíràn ju kí á fà á lọ, nítorí náà gbogbo ẹyọ rẹ̀ ni yóò tò sí ojú ọ̀nà tí agbára tó ń fà á ń gbà kọjá. Bí a bá yí i padà, ohun tó jẹ́ fífà tẹ́lẹ̀ á di títẹ̀ mọ́ra, òkúta àti bíríkì sì fẹ́ràn kí á tẹ̀ wọ́n mọ́ra ju kí á fà wọ́n ya lọ.

Ẹ lẹ bébà kan mọ́ pátákó, kí ẹ sì gbé pátákó náà dúró ṣánṣán. Ẹ fa ìlà ìbú kan sókè bébà, kí ẹ rí i pé ó tẹ́jú ní tòótọ́, kí ẹ wá kan ìṣó méjì sí orí rẹ̀, kí àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ fi ẹ̀wọ̀n kọ́ wọn, kí sẹ̀ǹtímítà 60 gẹ́lẹ́ wà láàárín ìṣó kan sí èkejì. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ lára ẹ̀wọ̀n náà yóò wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 24 sí ìsàlẹ̀ ìlà yín. Ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá yàtọ̀ púpọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìlà yín má tẹ́jú, tàbí kí ẹ̀wọ̀n máa ha bébà níbì kan.

Ẹ má ṣe fi pẹ́ńsù tọ ẹ̀wọ̀n náà lẹ́sẹ̀, nítorí bí ẹ bá ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti sún. Àmì tóótòòtó ni kí ẹ máa fi sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì, kí ẹ wá yọ ẹ̀wọ̀n, kí ẹ so àwọn àmì náà pọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó rọ̀, kí ẹ sì dojú bébà dé. Ẹ fi kọ́ńpáàsì ya ìlàjì òbìrìkìtì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi wé e. Òbìrìkìtì kúrú, èjìká rẹ̀ sì gbòòrò. Ọrun ẹ̀wọ̀n ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ tààrà, orí nìkan ni ó ti tẹ̀ kíákíá. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní ya ọrun Gaudí bí ìlàjì abọ́ mọ́.

Nínú àjà òkè Casa Milà, ilé tí a kọ́ láàárín 1906 sí 1912, irú ọrun báyìí 270 ni a fi bíríkì mọ tò tẹ̀ léra wọn. Fífẹ̀ wọn kò dọ́gba, gíga wọn náà kò sì dọ́gba, ìyẹn ló fà á tí òrùlé tó wà lórí wọn fi ń gòkè, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ lè ya òrùlé bẹ́ẹ̀ lónìí yìí. Ẹ lo ẹ̀wọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n kí ẹ sún ìṣó yín sí sẹ̀ǹtímítà 30, lẹ́yìn náà 24, lẹ́yìn náà 18, kí ẹ wá padà sí 24 àti 30. Ẹ da ọrun márààrún kọ sórí bébà fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ wọ́n di kékeré, kí ẹ máa sún ọ̀kọ̀ọ̀kan sápá ọ̀tún ní sẹ̀ǹtímítà méjì àti sókè ní sẹ̀ǹtímítà kan. Nígbà tí ẹ bá fi ìlà kan so orí gbogbo wọn pọ̀, òrùlé tó ń ru náà yóò yọjú fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gbé ẹrù kọ́ ọ

Ilé kì í gbé ìwúwo ara rẹ̀ nìkan. Fún ṣọ́ọ̀ṣì Colònia Güell, ní Santa Coloma de Cervelló tí kò jìnnà sí Barcelona, Gaudí fi okùn àti àpò kékeré tó kún fún ọta òjé ṣe àwòṣe kan tó ń fì láti òkè, ní ìwọ̀n 1:10 (sẹ̀ǹtímítà kan lára rẹ̀ dúró fún mẹ́wàá lára ilé), iṣẹ́ náà sì gbà á ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ọdún 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé náà gan-an, apá ìsàlẹ̀ nìkan ni ó sì parí. Ohun tó yẹ kí ayàwòrán gbé lọ́kàn ni ohun tó ṣe lẹ́yìn tí okùn ti dúró: ó ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, ó dojú fọ́tò náà dé, ó sì fi ọ̀dà kun ògiri àti fèrèsé sórí rẹ̀. Orí fọ́tò okùn ni ilé ti kọ́kọ́ yọ.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní kékeré. Ẹ sún ìṣó méjèèjì sí sẹ̀ǹtímítà 24, kí ẹ so òwú tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 36 mọ́ wọn, kí ẹ sì gbé nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ ní sẹ̀ǹtímítà 12 àti 24. Òwú náà yóò ṣẹ́ sí apá mẹ́ta: àárín yóò dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò sì fì ní dígírì 30 sí ìlà òòró. Ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ ó rí òpó méjì tó fara tì sínú, tí wọ́n gbé ìtẹ́rígbà kan dání. Ẹ wá fi nọ́ọ̀tì kejì kún ti apá kan, kí ẹ wo bí ẹsẹ̀ apá tí ẹrù ti pọ̀ ṣe ń nà ró síi, tí ti ẹnìkejì sì ń dẹ̀ sílẹ̀. Nínú Colònia Güell, àwọn òpó fì lóòótọ́, ẹni tí kò bá sì mọ̀dí lè rò pé wọ́n fẹ́ wó. Wọn kò ní í wó, nítorí ojú ọ̀nà ẹrù ni wọ́n dúró sí. Gaudí a máa pe òpó àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń gbé ti ara ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní ọ̀pá arọ: ó gbà pé bí òpó bá fì síbi tó yẹ, kò sídìí fún ọ̀pá.

Ẹ ya fọ́tò òwú yín láti iwájú gan-an, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ yí i padà lójú fóònù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde tàbí kí ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ lé e, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù sọ òwú di òpó. Ibi tí ẹrù ti pọ̀ ni kí òpó ti nípọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: òrùlé tó tẹ̀, tí ìlà tààrà bí

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Ní 1909, Gaudí kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ Sagrada Família fún àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ àti ọmọ àdúgbò, ilé tó gùn ní mítà 20, tó sì fẹ̀ ní mítà 10. Òrùlé rẹ̀ ń ru bí ìgbì òkun, bẹ́ẹ̀ kò sí pákó kan tó tẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí Le Corbusier, ayàwòrán-ilé tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ilé onígun tó tẹ́jú, dé Barcelona ní 1928, òrùlé yìí wà lára ohun tó fa pẹ́ńsù yọ nítorí rẹ̀.

A ó yà á ní 1:100, kí mítà kan lè di sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ fa ìlà ìbú tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20, èyí ni orí ògiri iwájú. Ẹ fa òmíràn tó gùn bákan náà sókè rẹ̀, kí ó sún díẹ̀ sápá ọ̀tún, èyí ni orí ògiri ẹ̀yìn. Ní agbedeméjì wọn gẹ́lẹ́, ẹ fa ìlà kẹta: irin tó gba àárín òrùlé kọjá, tí kò gòkè tí kò sì sọ̀. Ẹ pín ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Lórí ìlà iwájú, ẹ fi àmì sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí: òfo, 1.1 sókè, 1.5 sókè, 1.1 sókè, òfo, 1.1 sísàlẹ̀, 1.5 sísàlẹ̀, 1.1 sísàlẹ̀, kí ẹ sì tún un bẹ̀rẹ̀ títí ìlà yóò fi tán. Lórí ìlà ẹ̀yìn, ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀: ibi tí iwájú bá ti gòkè, ẹ̀yìn á sọ̀. Ẹ wá fi rúlà so àmì iwájú kìn-ín-ní mọ́ ti ẹ̀yìn kìn-ín-ní, èkejì mọ́ èkejì, títí dé ìparí. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba orí irin àárín kọjá ní ojú àmì tirẹ̀. Èyí tí kò bá gba ibẹ̀, àṣìṣe kíkà ló fà á, ẹ padà lọ ka àmì yín. Nígbà tí ẹ bá so ẹnu àwọn pákó náà pọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ìgbì méjì tó dojú kọ ara wọn yóò hàn, ọwọ́ yín kò sì ya ìlà títẹ̀ kankan àfi ìyẹn.

Láti ibẹ̀, ẹ lè kọjá sí ojú gàárì, nítorí gàárì ẹṣin ni ìrísí náà jọ: apá kan ń wọ́ sókè, apá kejì ń wọ́ sísàlẹ̀. Ẹ ya onígun mẹ́rin tó dùbúlẹ̀ bí ẹní tí a wò láti ìkángun. Ẹ gbé igun méjì tó kọjú síra wọn sókè ní sẹ̀ǹtímítà 6, kí ẹ fi méjì yòókù sílẹ̀ lórí ilẹ̀, kí ẹ sì so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ nítòsí-nítòsí. Ẹ pín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́wàá tó dọ́gba. So àmì ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ àmì ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i, kí ẹ máa kà láti ìkángun kan náà, kí ẹ sì ṣe bákan náà fún ẹ̀gbẹ́ méjì tó kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń kà láti ìkángun òdì ní ìlà kejì, tí gàárì wọn á sì lọ́ pọ̀ bí aṣọ tí a fún. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n rọ́bà wà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: òpó tó ń lọ́ sí ọ̀tún àti sí òsì

Òpó inú Sagrada Família ni mo máa ń fi dán ẹni tó sọ pé òun ti mọ Gaudí wò. Òpó tó lọ́ ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni ó ń lọ́ sí, ìyẹn sì máa ń mú kí ó dà bí ohun tí agbára ti fẹ́ tán nínú rẹ̀. Gaudí lọ́ ọ sí ọ̀tún, ó lọ́ ọ sí òsì, ó sì fi kìkì ibi tí méjèèjì ti pàdé sílẹ̀. Bí òpó bá ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni igun rẹ̀ ń di ìlọ́po méjì, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di róbótó lókè. Ìpìlẹ̀ oríṣiríṣi ni òun lò. Àwa yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí onígun mẹ́rin, nítorí òun ló rọrùn jù láti rí.

Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán bí òpó ṣe rí láti òkè. Ẹ ya òbìrìkìtì tí àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, kí ẹ wá ya onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8 yí i ká, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fara kan òbìrìkìtì náà. Igun rẹ̀ yóò jìnnà sí àárín ní nǹkan bí 5.7. Ẹ da onígun mẹ́rin náà kọ sórí bébà fẹ́lẹ́ méjì. Ẹ yí ọ̀kan sí ọ̀tún ní dígírì 22.5, ẹ yí èkejì sí òsì ní dígírì 22.5, kí àárín má sún. Ẹ tẹ ìlà yíká kìkì ibi tí méjèèjì jọ bo. Onígun mẹ́jọ ni yóò jáde, igun rẹ̀ yóò sì jìnnà sí àárín ní 4.3. Ẹ mú onígun mẹ́jọ yìí, ẹ ṣe é bákan náà ní dígírì 11.25 sí ọ̀tún àti sí òsì, ẹ ó rí onígun mẹ́rìndínlógún tí igun rẹ̀ jìnnà sí àárín ní nǹkan bí 4.1. Òbìrìkìtì àkọ́kọ́ kò yí padà rárá: igun ni ó ń pọ̀, tó sì ń súnmọ́ ọn.

Nísinsìnyí, ẹ gbé e dúró. Ẹ fa ìlà òòró kan sí àárín bébà mìíràn, kí ẹ sì fa ìlà ìbú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, sí sẹ̀ǹtímítà 8 sókè, sí 12, sí 14 àti sí 15. Ẹ kíyè sí i pé àlàfo wọn ń dín sí ìdajì: 8, 4, 2, 1. Bí òpó Gaudí náà ṣe ń yára yí padà bí ó ti ń súnmọ́ òkè nìyẹn. Ní ìsàlẹ̀, ẹ fi àmì sí 4 lápá òsì àti 4 lápá ọ̀tún ìlà àárín. Ní sẹ̀ǹtímítà 8 sókè, ẹ fi àmì sí àárín, sí 3.1 àti 4.3 lápá kọ̀ọ̀kan. Ní 12 sókè, ẹ fi sí àárín, sí 1.6, 2.9, 3.8 àti 4.1. Ẹ so igun ìsàlẹ̀ tó wà ní 4 mọ́ 3.1, kí ìlà náà tẹ̀ sínú díẹ̀. Láti àárín ẹsẹ̀ òpó, ẹ fa ìlà òòró kan tó gòkè tààrà: etí tuntun tí a bí láti agbedeméjì ojú òpó nìyẹn. Láti 4, ẹ fa òmíràn lọ sí 4.3, èyí ni etí tuntun ti ẹ̀gbẹ́ tí a rí láti iwájú. Láti orí onígun mẹ́jọ, etí kọ̀ọ̀kan á máa bá ìrìn rẹ̀ lọ, etí tuntun kan á sì tún yọ láàárín gbogbo méjì-méjì. Lẹ́yìn 12, ẹ máa fi ojú pín in. Etí ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí pẹ́ńsù rírọ̀ fi lè kun ún bí ara róbótó.

Bí ẹ bá fẹ́ kí òpó náà pẹ̀ka, ẹ wú orí rẹ̀ síta níbi tó ti di róbótó, bí oríkèé igi ṣe máa ń wú kó tó là, kí ẹ sì mú ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́rin jáde láti ibẹ̀. Ẹ̀ka kò gbọdọ̀ lọ síbi tó wu ọwọ́ yín. Ẹ padà sí òwú inú ìgbésẹ̀ kejì, kí ẹ wo apá ibi tó fì sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ihò ìmọ́lẹ̀

Ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé láti àjà Sagrada Família fẹ̀ lókè, ó fún láàárín, ó sì tún fẹ̀ nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlù gángan. Ìlà tààrà náà ló bí i. Ẹ ya òbìrìkìtì méjì tí a tẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹnu ife, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8. Ẹ pín wọn sí ojú 24. Ẹ so ojú kìn-ín-ní lókè mọ́ ojú kẹsàn-án nísàlẹ̀, èkejì mọ́ ẹ̀kẹwàá, títí ẹ ó fi yípo. Ìbàdí rẹ̀ yóò fún dé sẹ̀ǹtímítà 4. Bí ẹ bá fo ojú mẹ́fà dípò mẹ́jọ, ìbàdí á fẹ̀ sí i. Bí ẹ bá fo méjìlá, gbogbo ìlà á pàdé lójú kan, ihò á sì dí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ilé tiyín

Ẹ yan ohun tí ilé náà wà fún kí ẹ tó yan ìrísí. Mo dábàá gbọ̀ngàn ìwé kíkà kékeré, nítorí ó nílò àjà gíga àti ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀, kò sì nílò yàrá púpọ̀ tí yóò dí yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yan ìwọ̀n kan ṣoṣo tí gbogbo ìwọ̀n yòókù yóò ti inú rẹ̀ wá. Ní Sagrada Família, mítà 7.5 ni ìwọ̀n yẹn. Gbọ̀ngàn àárín fẹ̀ ní 15 láti òpó dé òpó, àwọn gbọ̀ngàn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, méjì lápá kọ̀ọ̀kan, fẹ̀ ní 7.5 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 45. Àjà ẹ̀gbẹ́ ga ní 30, ti àárín ga ní 45, gbogbo gígùn inú ṣọ́ọ̀ṣì náà sì jẹ́ 90. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí 7.5 kò pín láìṣẹ́kù. Fún gbọ̀ngàn yín, ẹ lè mú mítà 3: kí ó fẹ̀ ní 9, kí ó gùn ní 18, kí àjà rẹ̀ ga ní 6 lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti 9 láàárín.

Ẹ lo òfin méjì péré nínú àwọn tí ẹ ti kọ́, kó má ṣe ju mẹ́ta lọ. Òpó tó pẹ̀ka lábẹ́ òrùlé ojú gàárì bára mu. Ọrun ẹ̀wọ̀n lábẹ́ òrùlé tó ń ru náà bára mu. Ẹni tó bá kó márààrún sínú gbọ̀ngàn kan, ọjà ni ó yà. Ẹ fi òwú àti nọ́ọ̀tì dán gígé ilé náà (bí inú rẹ̀ yóò ṣe rí bí a bá là á láti òkè dé ìsàlẹ̀) wò ní 1:50, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ sì ya ilé yín sórí rẹ̀. Ẹ má pa ìlà ìpìlẹ̀ rẹ́ kíákíá. Nínú àwòrán irú èyí, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ náà ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń wò ó gbà pé ilé yìí lè dúró.

Òjìji, lẹ́yìn náà awọ

Ẹ pinnu ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, kí ẹ má sì yí i padà mọ́. Lórí ojú gàárì àti ihò ìmọ́lẹ̀, ẹ máa fa òjìji tẹ̀ lé ìlà tààrà tó bí wọn, ẹ má ṣe fi ìka pa á kiri, nítorí òjìji tí a fi ìka pa máa ń sọ òkúta di òwú. Ní ara òpó, ojú tó kọ ẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàárín ojú kan àti èkejì á máa dín kù bí igun ṣe ń pọ̀, tó fi jẹ́ pé lókè, dúdú á rọra yọ́ sínú funfun.

Awọ ló kẹ́yìn. Àfọ́kù táìlì aláwọ̀ oríṣiríṣi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ àga gígùn tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ ní Park Güell, ọgbà ìgbafẹ́ tí Gaudí yà ní Barcelona, ni ọ̀pọ̀ máa ń sáré yà, ó sì tọ́ kí á mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi bo ojú títẹ̀ ni, torí táìlì odindi kò lè tẹ̀ lé e. Nítorí náà, níbi tí ojú ilé bá ti tẹ̀ gan-an, ẹ ya àfọ́kù kéékèèké. Níbi tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, ẹ yà á ní ńlá. Ibi tí ògiri bá tẹ́jú pátápátá kò nílò àfọ́kù rárá.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí àwòrán náà, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ gbé e jìnnà sí ojú. Bí òpó, ọrun àti àjà bá dà bí ohun tó ń fì láti òkè láìsí ibi tó lọ́ tàbí tó dẹ̀ lójijì, ẹ kọ orúkọ yín sí i. Ibi tí ó bá ti dà bíi pé ọwọ́ kan tí a kò rí ló ń fa òwú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti mú rọ́bà.